Bí Ampilifáyà Ṣe Dé Òde Ijó

Àwọn tó ń sọ ìtàn ampilifáyà òde ijó kì í sọ ohun kan náà. Àwọn kan á máa dárúkọ àwọn DJ, àwọn kan á máa ka wáàtì. Ẹni tó tẹ̀ ba lẹ́yìn àpótí, tó ń fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ sípíkà, kì í sábà hàn nínú ìtàn náà. Òun gan-an ni mo ń wá tí mo fi kó ohun tó fọ́n káàkiri jọ síbí.

Ìbẹ̀rẹ̀ kò gùn. Ní 1906, Lee de Forest ṣe valve, gílóòbù tó ń darí iná, tó pè ní Audion ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé ó lè sọ ohùn kékeré di ńlá. Ní 1915, Edwin Pridham àti Peter Jensen gbé sípíkà wọn síta gbangba ní San Francisco.

Kingston, ní Jàmáíkà, ni ọ̀rọ̀ ti gbilẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Hedley Jones, tó ti bá àwọn ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, padà sílé. Ó ṣí ìsọ̀ tó ti ń ta àwo orin, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ to ampilifáyà tó fi ń gbé àwọn àwo náà. Tom Wong, oníṣòwò tí wọ́n mọ̀ sí Tom the Great Sebastian, gbọ́ bó ṣe ń dún, ó ní kó ṣe irú rẹ̀ fún òun. Bí Jones fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀ nìyí. Àwọn kan ní àwọn mìíràn ti ń gbé ẹ̀rọ ká òde ijó ṣáájú Wong, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ká gbé ẹ̀rọ káàkiri yàtọ̀ sí ká to ẹ̀rọ nítorí ijó, ẹ̀rí Jones lórí èyí sì lágbára, torí òun ló fi òjé lẹ wáyà rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń so ẹ̀rọ mọ́ sípíkà ló ṣe pàtàkì. Ampilifáyà valve ní tiransfọ́mà níbi tí ohùn ti ń jáde, èyí tó sábà máa ń ní ojú ìso 4, 8 àti 16 óòmù, òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná. Bí èèyàn bá so sípíkà mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 16, pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gbogbo wọn di 4, ojú 4 ló sì gbọ́dọ̀ lò. Bó bá ṣi ojú mú, agbára á dín, valve sì lè gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Bó bá wá ń ta orin sínú ẹ̀rọ láìso sípíkà kankan mọ́ ọn, iná lè fò nínú tiransfọ́mà, kó bà á jẹ́ pátápátá. Nígbà tí iléeṣẹ́ GEC ní Ìlú Ọba gbé valve KT88 jáde ní àárín àwọn ọdún 1950, méjì péré nínú rẹ̀ lè mú nǹkan bí 100 wáàtì wá. Béèsì dẹni tí ń mi àyà. Ní Kingston, Osbourne Ruddock, tí ayé mọ̀ sí King Tubby, tó ń fi títún redíò ṣe jẹun, to ẹ̀rọ Hometown Hi-Fi tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì mú kí gbohùngbohùn máa dáhùn láàárín orin lójú agbo.

Kì í ṣe Jàmáíkà nìkan. Ní Èkó, Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, ti so gìtá rẹ̀ mọ́ ampilifáyà ní 1949.

Ọdún yẹn náà ni Ron Diggins, ará Boston ní Lincolnshire, Ìlú Ọba, ṣe Diggola, àpótí tó ń gbé kiri fún ijó. Ní 1955, Vincent Forbes, Duke Vin, tó wá láti Kingston, kó sound system, ìyẹn àkójọ ampilifáyà àti sípíkà òde ijó, kalẹ̀ ní Ladbroke Grove, London.

Iléeṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ti ṣe transistor, ohun kékeré tó lè ṣe iṣẹ́ valve, ní 1947, ṣùgbọ́n ampilifáyà Crown DC-300 ti 1967 ló fi hàn pé ó lè gbé òde ńlá: 150 wáàtì ní apá kọ̀ọ̀kan, lórí 8 óòmù. Ọ̀pọ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí kò ní tiransfọ́mà láàárín òun àti sípíkà. Bí óòmù bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni iná tí ń ṣàn ń pọ̀ sí i, tí ó bá sì kọjá òṣùwọ̀n, transistor á jó. Àṣà tún wà pé ká tan ampilifáyà kẹ́yìn, ká sì pa á ṣáájú, kí ìró gbì tí àwọn ẹ̀rọ ìyókù ń ṣe má bàa fọ́ sípíkà. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí bu wáàtì kún wáàtì, débi pé ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1974 lórí bí a ṣe gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn rántí òfin yìí nígbàkigbà tí wọ́n bá ń fi iye wáàtì sound system kan wé òmíràn.

Lóde òní, irú ampilifáyà tí wọ́n ń pè ní Class D ti mú kí ẹ̀rọ fúyẹ́, àwọn mìíràn sì ti wà nínú sípíkà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn sípíkà tí kò ní ampilifáyà nínú, wọ́n ṣì sábà máa ń kọ 8 óòmù sí i, ẹni tó bá so méjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn sì ní láti kà á sí 4.