Àwọn Tíṣà Ló Kọ́kọ́ Ṣílẹ̀kùn Mùsíọ̀mù

Ní ọdún 1933, òyìnbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ramshaw dé Èsìẹ́, ìlú kan tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Kì í ṣe ẹni tó ń walẹ̀ wá ìtàn, kì í ṣe oníṣòwò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ajẹ́lẹ̀. Ìsìpẹ́kítọ̀ ilé-ìwé ni, ẹni tí ìjọ C.M.S. ń rán káàkiri láti lọ wò ó bóyá àwọn ọmọ mọ ìwé kà, tí wọ́n sì mọ ìṣirò í ṣe. Ère òkúta ni ó bá níbẹ̀, ère tó lé ní 800: ọkùnrin, obìnrin, èyí tó jókòó lórí àpótí, èyí tó mú idà lọ́wọ́, èyí tó di irun rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí òde ìgbéyàwó. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n ní àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta, wọ́n sì máa ń ṣe ọdún wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá kà á nínú ìwé pé Ramshaw ló “rí” àwọn ère Èsìẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí ẹ máa kà á lọ. Ohun tí Ramshaw ṣe kò ju pé ó sọ ọ́ létí àwọn tó ń kọ̀wé.

Mo fi ìsìpẹ́kítọ̀ yìí ṣáájú nítorí ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta tí mo ti ń wá ìtàn àwọn mùsíọ̀mù wa kiri, ibikíbi tí mo bá fọwọ́ bà, tíṣà ni mo ń bá níbẹ̀. Lẹ́yìn Ramshaw, ẹni tó tún kọ̀wé nípa àwọn ère náà ni J. D. Clarke, ní ọdún 1938. Ta ni Clarke? Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé tó wà ní Òmù, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ mọ́ ìwé. Inú ìwé wo ló kọ ọ́ sí? Inú ìwé àtìgbàdégbà tí à ń pè ní Nigeria, èyí tí E. H. Duckworth ń bójú tó. Orúkọ tí ìwé yìí sì kọ́kọ́ ń jẹ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1933 ni The Nigerian Teacher. Ìwé àwọn tíṣà ni! Nígbà tó di 1945, wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ère náà ní Èsìẹ́, òun sì ni mùsíọ̀mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn. Èsìẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn, nítorí ẹni tó yẹ kí n ti dárúkọ ṣáájú gbogbo àwọn òyìnbó wọ̀nyí ni Aina Onabolu.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní 1882. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kò sí ilé-ìwé kan ní ilẹ̀ wa tó ń kọ́ ènìyàn ní àwòrán yíyà, ó kàn ń wo àwòrán inú ìwé òyìnbó ni, ó ń yà á. Akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù ni nínú iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, àwòrán sì ni iṣẹ́ ọkàn rẹ̀. Ní 1920, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ ọ dáadáa. Nígbà tó dé ní 1922, ẹnìkan ṣoṣo ló ń sá káàkiri láti ilé-ìwé kan dé òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tó fẹ́ràn jù láti kọ́ wọn ni bí ọ̀nà tó lọ jìnnà ṣe máa ń tín-ín-rín lójú, àti bí ilé tó wà lókèèrè ṣe máa ń kéré sí ti ìtòsí. Àwọn ọmọ kò mọ ohun tí wọn ì bá pè é mọ́, wọ́n kúkú sọ ọ́ ní Mister Perspective.

Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún ọwọ́ ẹnìkan, Onabolu fi ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba pé kí wọ́n bá òun wá olùrànlọ́wọ́ láti Ìlú Òyìnbó. Ẹni tí wọ́n rán wá ní 1927 ni Kenneth Murray, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gba ibòmíràn yọ. Onabolu fẹ́ kí ọmọ dúdú yàwòrán bí òyìnbó ṣe ń yà á, kí òyìnbó lè gbà pé ọmọ dúdú náà lọ́pọlọ. Murray ní rárá, kí àwọn ọmọ padà sí ohun tí baba wọn ń ṣe: igi gbígbẹ́, ìkòkò mímọ, aṣọ híhun. Ẹni tí wọ́n pè wá ran ọ̀gá lọ́wọ́ wá di ẹni tó ń tako ọ̀gá! Títí di òní, àwọn kan ń bú Onabolu pé ó fara wé òyìnbó jù, àwọn mìíràn ń bú Murray pé ó fẹ́ dá wa dúró sójú kan. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi yan ọ̀kan nínú wọn. Onabolu ń bá irọ́ jà, irọ́ pé ènìyàn dúdú kò lè ṣe é. Murray ń bá ìgbàgbé jà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àbí?

Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ Murray ni pé tíṣà ló ń fi iṣẹ́ ọnà tọ́. Ní 1937, ó kó iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ díẹ̀ lọ hàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Zwemmer Gallery. Ben Enwonwu, tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà, wà lára wọn. Kí Enwonwu tó lọ kàwé sí i ní Ìlú Òyìnbó ní 1944, iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ọ̀wọ̀, Justus Akeredolu, ọkùnrin tó fi ẹ̀gún igi gbẹ́ àwọn ère kéékèèké tí a rí lórí tábìlì àwọn ènìyàn ńláńlá, tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ìgbà tó yá, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ohun àtijọ́ ṣe ní òkè òkun, ó sì wá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní 1938, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí wọ́n kan àwọn orí idẹ. Ẹ̀yin náà ti rí àwòrán wọn. Kí ojú tó mọ́, bí ẹ bá fẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú wọn ti kúrò nílùú. Ọ̀kan ń bẹ ní British Museum títí di òní olónìí. Méjì lọ sí Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ William Bascom, ẹni tó dá wọn padà ní 1950, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú nǹkan báyìí ló mú kí Murray àti Duckworth, tíṣà kan àti ìsìpẹ́kítọ̀ kan, máa pariwo sí etí ìjọba. Ní 1943, wọ́n yọ Murray kúrò nídìí iṣẹ́ tíṣà, wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún gbogbo Nàìjíríà. Ẹnìkan fún orílẹ̀-èdè kan! Ó ń rin ìlú dé ìlú, ó ń kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Òfin tó ní kí a má kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba àṣẹ dé ní 1953, mùsíọ̀mù Ilé-Ifẹ̀ ṣí ní 1954, ti Oníkan ní Èkó sì ṣí ní 1957. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ló pa Murray ní 1972, ní ilẹ̀ wa níbí.

Èwo wá ni ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tíṣà? Òun gan-an ni mo ń bọ̀ wá sọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ Mbari bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961, tí Ulli Beier, Wole Soyinka, Christopher Okigbo àti àwọn yòókù wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi. Julian Beinart, ayàwòrán-ilé láti Gúúsù Áfíríkà, ló wá darí rẹ̀. Tíṣà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá síbẹ̀. Ìlànà ọkùnrin náà ni kí wọ́n má fi ìbẹ̀rù ṣe é, kí wọ́n má sì dúró de ohun èlò olówó ńlá. Ọdún kejì ni Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dọ̀ Duro Ladipo. Ìtàn ti Òṣogbo ti di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, n kò ní fi gbà yín lákòókò. Àwọn tíṣà Ìbàdàn ni kò sẹ́ni tó ń rántí.

Ẹ wo Bruce Onobrakpeya. Tíṣà iṣẹ́ ọnà ni ní St. Gregory’s College ní Èkó láti 1963 títí di 1980. Nígbà ìsinmi, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi páànù tẹ àwòrán lọ́dọ̀ Ru van Rossem, òyìnbó Họ́láńdì kan tó wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níhìn-ín. Ní 1967, ásíìdì bá páànù rẹ̀ kan jẹ́. Ẹlòmíràn ì bá jù ú nù. Òun wò ó títí, ó sì ti inú ìbàjẹ́ náà rí ọ̀nà tuntun tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ṣì ń lọ dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Láti 1998 ni òun fúnra rẹ̀ ti ń pe àwọn ẹlòmíràn jọ sí Agbarha-Otor fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi kò rí irú tíṣà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kó wa lọ sí mùsíọ̀mù nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Tíṣà tó kó wa lọ ní kí a da ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ ère kọ̀ọ̀kan kọ sínú ìwé wa, ẹni tí kò bá kọ ogún kò ní rí búrẹ́dì gbà. A kọ ogún. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè wo ère kankan. N kò bínú sí ọkùnrin náà. Ta ló kọ́ òun náà?

Nítorí iṣẹ́ ìròyìn, ó ti tó ìgbà méjì tí mo jókòó láàrin àwọn tíṣà tí wọ́n ń dá lẹ́kọ̀ọ́ nínú mùsíọ̀mù. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn fi bébà bo àkọlé gbogbo nǹkan. Ó ní kí olúkúlùkù yan nǹkan kan, kó wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀, kó wá fi pẹ́ńsùlù yà á. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọ̀, ẹ dán an wò! Ní ìṣẹ́jú kẹta, àwọn kan ti ń wo fóònù. Ìyá kan tó ń kọ́ pírámárì mẹ́rin ní Ìbàdàn jókòó síwájú aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, èyí tí òpó gbọ̀ngàn Màpó wà lára rẹ̀. Wọ́n kò tíì yà á tán nígbà tí ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Kí ni èyí bá sílábọ́ọ̀sì wa tan?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dáhùn ni ìyá yẹn gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: “Bùọ̀dá, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ wo bí ẹni tó ṣe aṣọ yìí ṣe pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ẹ bá pín ọ̀kan sí méjì, kí lẹ ní? Ìdá méjì. Ẹ tún un pín. Ìdá mẹ́rin. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó, tí kò yé àwọn ọmọ mi. Aṣọ ìyá wọn ni n óò ní kí wọ́n mú wá lọ́jọ́ Ajé.”

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn ju ìwé ìròyìn wa lè gbà lọ, nítorí òpó mẹ́rin péré ni wọ́n fún mi. Àwọn ère Èsìẹ́ nìkan tó láti kọ́ ọmọ ní irun dídì, ohun ìjà, àti òkúta tí ọ̀bẹ lè gbẹ́ àti èyí tí kò lè gbẹ́. Ìtàn sì ni ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ yọ kúrò nínú ìwé àwọn ọmọ kéékèèké ní nǹkan bí ọdún 2009, kí wọ́n tó tún pàṣẹ lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé kí ó padà. Ó ń padà bọ̀ lọ́wọ́ àwọn tíṣà tí ẹnikẹ́ni kò kọ́.

Àwọn kan á ní ohun ṣeréṣeré ni. Ẹ gbọ́ ná. Ní àwọn ọdún 1990, olè fọ́ mùsíọ̀mù Ilé-Ifẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n kó àwọn orí tí a kò lè fi owó rà. Ọlọ́pàá wà, ọlọ́dẹ wà, òfin 1953 wà, òfin 1979 tó rọ́pò rẹ̀ náà wà. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú ère fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó ti ka ilà ojú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi gbà pé yóò ṣòro fún un láti dúró wò nígbà tí wọ́n bá ń gbé e lọ lóru. Ọmọ tó kàn da àkọlé kọ nítorí búrẹ́dì kò ní mọ̀ pé nǹkan ti kúrò níbẹ̀.

Ilé kò wọ́n wa. Oníkan wà níbẹ̀, Èsìẹ́ wà níbẹ̀, Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, Yemisi Shyllon sì ti fi èyí tó ṣí ní 2019 ní Pan-Atlantic University ní Èkó kún un. Àwọn tíṣà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ohun méjì ni wọ́n ń bèèrè: ìwé àṣẹ ọjọ́ kan láti ọ́fíìsì, kí hedimásítà má bàa kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n sá níbi iṣẹ́, àti owó mọ́tò. Ìyá tó ń kọ́ pírámárì mẹ́rin yẹn, àpò ara rẹ̀ ló ti san owó mọ́tò lálọ àti àbọ̀, ó sì ní nígbà tí òun bá dé, òun ṣì máa kọ lẹ́tà láti ṣàlàyé ibi tí òun lọ.