Ẹ̀rí Tó Sọnù Kò Dá Ẹnikẹ́ni Lẹ́bi

Níwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Accra, ère adájọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀: Cecilia Koranteng-Addow, Frederick Sarkodee àti Kwadwo Agyepong. Ní alẹ́ 30 June 1982, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé wà nílẹ̀, wọ́n jí wọn gbé nílé wọn, pẹ̀lú Sam Acquah, ọ̀gá ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n pa wọ́n ní Bundase, wọ́n sì dáná sun òkú wọn. Òjò rọ̀, iná kú. Ní 3 July, wọ́n rí òkú wọn.

Ìgbìmọ̀ tí Samuel Azu Crabbe darí tọ ipa ọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ Joachim Amartey Kwei, ọ̀kan nínú àwọn PNDC tó ń ṣèjọba. Wọ́n yìnbọn pa á ní 1983. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n gbé Kojo Tsikata, ọ̀gá ètò ààbò, lọ sílé ẹjọ́ pẹ̀lú; agbẹjọ́rò àgbà ìjọba ní ẹ̀rí kò tó. Tsikata ní òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Amedeka, sójà kan lára àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, sá kúrò lẹ́wọ̀n.

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn àlàfo wọ̀nyí gan-an ni ẹ̀rí. Ìbínú wọn yé mi, àmọ́ n kò gbà. Ẹni tó dáná sun òkú ti fi hàn pé òun ní ohun tí òun ń fi pamọ́. Iná náà kò dárúkọ ẹni tó rán an níṣẹ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi MV Benjamin ní 2006: nínú àpò kokéènì 77, 76 pòórá. Ẹni tí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣàlàyé. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn: kí pípa ẹ̀rí rẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró, tó ní ìjìyà tirẹ̀, kí olóṣèlú tó bá sun fáìlì má lè sọ pé kò sí fáìlì, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ kí á má fi ẹ̀ṣẹ̀ yẹn rọ́pò èyí tí a kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn adájọ́ mẹ́ta yìí ti tú àwọn kan tí ìjọba AFRC rán lẹ́wọ̀n ní 1979 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ sì gbà pé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kú. Bí a bá ń dá ènìyàn lẹ́bi láìsí ẹ̀rí nítorí wọn, ìdájọ́ irú èyí tí wọ́n fagi lé ni a tún ń gbé dìde.