Ìgbàgbọ́ Ọmọdé, Ẹ̀kọ́ fún Àgbà



Bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa yìí, ó yẹ kí a rántí pé kì í ṣe ọwọ́ àgbà nìkan li Ìhìnrere gbà dé ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọdé pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn náà.

Lí ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣogùn. Nínú àwọn tí a mú lẹ́rú li ọmọdékùnrin kan wà, Àjàyí li orúkọ rẹ̀. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon gbà wọ́n sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ li ẹgbẹ́ C.M.S. ti fi í sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ìwọ̀n oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. A sì fi í ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, pẹ́nsì méje àbọ̀ li owó rẹ̀ lóṣù. Lí ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825 a ṣe ìrìbọmi fún un, a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther.

Ẹ kíyèsí ipò ọmọ náà. A ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò sì ní ohun tí yóò fi san oore. Síbẹ̀ ó gba ohun tí a fi fún un, ó sì tètè ń fi kọ́ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ọmọdé rí: kì í dúró kí ó gbọ́n tán kí ó tó gbà, kì í sì dúró kí ó di ńlá kí ó tó sọ.

Ó dàbí ọmọbìnrin kékeré inú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí karùn-ún. Àwọn ará Siria mú un lẹ́rú. Síbẹ̀ ìwòsàn li ó fẹ́ fún Naamani olúwa rẹ̀. Bí Naamani kò bá gba ọ̀rọ̀ ọmọ-ọ̀dọ̀ yìí gbọ́ ni, ẹ̀tẹ̀ ìbá bá a dé ibojì.

Crowther di àlùfáà, ó sì padà wá fi Ìhìnrere lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́, lórí ilẹ̀ tí a ti tà á. Lí ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, lí Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ Àfàlà wá bá a, lẹ́yìn bí ọdún 25. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń fi orúkọ ìgbà kékeré rẹ̀ pè é. Lí ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, ìyá náà wà nínú àwọn àkọ́kọ́ tí a rì bọmi ní ìlú náà. Hannah, orúkọ ìyá Samuẹli, li a fún un. Ìyá tẹ̀lé ẹ̀sìn ọmọ tí ó bí.

Àwa ará Alímòṣọ́ ńkọ́? Oko àwọn Àwórì ni Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò yìí rí. Ìkànìyàn ọdún 2006 sì rí ju 1,200,000 ènìyàn lọ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa. Níbi tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìjà kò ní ṣàì wà. Àgbà méjì a máa jà nítorí ilẹ̀ tàbí oyè ìjọ, wọn kò ní kí ara wọn fún ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ àwọn méjèèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, wọ́n ń pín bisikíìtì jẹ. Nínú wọn, ta li ó yẹ kí ó kọ́ èkejì bí a ti í wá sí ibi Tábìlì Olúwa?

A kò wí pé kí àgbà di aláìmòye. Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì pé nínú arankàn ni kí wọ́n jẹ́ ọmọdé, kì í ṣe nínú òye. Àwọn baba wa sì wí pé, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ń bínú sí arákùnrin rẹ̀ lọ bá a rẹ́ kí àjọ̀dún yìí tó kọjá. Ilé tí a kọ́ yóò gbó. Àwọn ọmọ tí ń wò wá ni yóò sọ ìtàn wa. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn ọmọdé. Àmín.