Ìfẹ̀yìntì Kí Ogbó Tó Dé

Ìfẹ̀yìntì kí ogbó tó dé ni ètò tí òṣìṣẹ́ fi ń tọ́jú èyí tó pọ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, tó ń fi í ra ṣíà àti bọ́ǹdì, títí èrè orí rẹ̀ yóò fi tó o jẹun láìjẹ́ pé ó tún jí lọ síbi iṣẹ́. Amẹ́ríkà ló ti gbilẹ̀ jù; FIRE ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹlòmíràn ń fẹ̀yìn tì lẹ́ni ọdún 35 tàbí 45, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń du ipò ọ̀gá.

Joe Dominguez ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí. Wall Street ló ti ṣiṣẹ́, ó sì fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1969 lẹ́ni ọdún 31. Òun àti Vicki Robin ló kọ Your Money or Your Life, tó jáde ní 1992. Ìwé náà ní wákàtí ayé ẹni lèèyàn ń tà gbowó. Bí wákàtí kan bá ń mú dọ́là 10 wọlé, bàtà 100 dọ́là ti jẹ wákàtí 10 nínú ayé ẹni tó wọ̀ ọ́, a ò sì tíì yọ owó ọkọ̀ àti owó aṣọ iṣẹ́.

Ìṣirò tó gbé ètò náà ró dé lẹ́yìn ìwé yìí. Ní 1994, William Bengen, olùdámọ̀ràn nípa owó ní California, yẹ àkọsílẹ̀ ọjà ṣíà àti bọ́ǹdì Amẹ́ríkà wò láti 1926. Èló ni ẹni tó fẹ̀yìn tì lè máa yọ lọ́dọọdún kí owó má tán láàárín 30 ọdún, ì báà jẹ́ ìgbà tí ọjà dẹnu kọlẹ̀ ló fiṣẹ́ sílẹ̀? Èsì rẹ̀ ni ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún àkọ́kọ́, kó sì máa fi kún un bí ọjà bá ṣe ń gbówó lórí. Ní 1998, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ní Trinity University, ní Texas, ṣe irú àyẹ̀wò náà, èsì wọn sì sún mọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni "ìlọ́po 25" ti jáde: ẹni tó ń ná 40,000 dọ́là lọ́dún ní láti kó mílíọ̀nù kan dọ́là jọ. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 35 lè lo 60 ọdún sí i láyé, kì í ṣe 30. Àwọn tó ń ṣọ́ra kì í yọ ju ìdá 3 lọ, ìyẹn ìlọ́po 33.

Peter Adeney, ọmọ Kánádà tó ń gbé ní Colorado, fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 2005 lẹ́ni ọdún 30. Láti 2011 ló ti ń tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú tirẹ̀, ìdá tí èèyàn ń tọ́jú ló ṣe pàtàkì ju bí owó oṣù ṣe tóbi tó. Bí èrè bá jẹ́ ìdá 5 lẹ́yìn tí a yọ ọ̀wọ́ngógó, ẹni tó ń tọ́jú ìdajì owó oṣù rẹ̀ yóò lè fẹ̀yìn tì lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 17. Ẹni tó ń tọ́jú ìdá 10 yóò lò ju 50 lọ. Ìdí ni pé ẹni tó tọ́jú ìdajì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìdajì jẹun, iye tó ń lé náà sì ti kéré. Ọgbọ́n ètò náà wà níbẹ̀, àléébù rẹ̀ náà wà níbẹ̀: ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń bá oúnjẹ tán kò rí ìdajì kankan tọ́jú.

Àjọ àti èésú ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́. Èésú dé Trinidad pàápàá, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní susu. Ṣùgbọ́n owó àjọ kì í bímọ. Ohun tí a dá la ń kó, alájọ á sì yọ owó ọjọ́ kan. Òfin owó ìfẹ̀yìntì Nàìjíríà ti 2004, tí wọ́n tún ṣe ní 2014, ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8, kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá 10. Ọdún 50 ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, kò lè gbà ju ìdá 25 lọ. Ọjà Amẹ́ríkà sì ni Bengen fi wọn ìdá 4 rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ọ̀wọ́ngógó ti kọjá ìdá 30, bó ṣe rí ní Nàìjíríà ní 2024.

Ilé ni bọ́ǹdì àwọn baba wa. Bàbá onílé n'Ìbàdàn tó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ, tó ń fi owó ilé jẹun, ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó fún ètò náà lórúkọ. Ìnáwó ta la ó sì sọ di ìlọ́po 25? Ará Amẹ́ríkà lè ka tirẹ̀ àti tọmọ rẹ̀. Níbí, owó ilé ìwé àbúrò, oògùn ìyá, aṣọ ẹbí àti ìsìnkú àna wà nínú ìwé ìnáwó kan náà.