Kíkọ́ṣẹ́ àbí Kíkàwé: Ìtàn Iye Ọdún Tí Nọ́ọ̀sì Fi Ń Gba Ẹ̀kọ́ ní Ìhà Méjèèjì Ààlà Kétu

1. Ìbéèrè ìyá àgbà

Ní ọdún tí àbúrò mi obìnrin gba BAC, ó sọ fún wa nílé ní Kétu pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wu òun. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Èkíní ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Kútọnu, tí ènìyàn kò lè wọ̀ láìṣe ìdíje: ọdún mẹ́ta. Èkejì ni ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí ó ní oṣù méjìdínlógún ti tó. Ẹ̀kẹta wá láti ẹnu ẹ̀gbọ́n bàbá wa tí ń gbé ní Abẹ́òkúta: kí ọmọ náà máa bọ̀, kí ó wọ yunifásítì ní Nàìjíríà, ọdún márùn-ún. Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá bi í pé: "Ṣé iṣẹ́ lo fẹ́ kọ́ ni, àbí ìwé lo fẹ́ kà?"

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi láti kékeré. Nínú èdè yẹn, formation nìkan ti tó fún ohun méjèèjì. Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ ní ọ̀gá. Ó ń sìn ín, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, títí ọ̀gá yóò fi tú u sílẹ̀. Ẹni tí ń kàwé ní olùkọ́. Ìdánwò ló máa tú u sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ bọ́ sábẹ́ ìkejì díẹ̀díẹ̀, àti pé iye ọdún kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá mọ èyí tí à ń kà.

2. Ìwé ní Dakar, iṣẹ́ ní Dàhòmì

Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1889 pín ilẹ̀ ọba Kétu sí méjì. Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ọmọ ìyá méjì tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú aláìsàn kò gba ọ̀nà kan náà mọ́.

Ní 1918, ìjọba Faransé dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Dakar fún gbogbo agbègbè tí ó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún mẹ́rin ni dókítà olùrànlọ́wọ́ ń lò níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni agbẹ̀bí ń lò. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Dàhòmì ló lọ. Ẹni tí ó bá gba ìwé Dakar, ìjọba lè rán an lọ sí agbègbè èyíkéyìí.

Ọ̀pọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì kò dé Dakar. Inú ilé-ìwòsàn àgbègbè wọn ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń fọ egbò, bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́, bí a ṣe ń bu àjẹsára fún ará abúlé. Agbẹ̀bí kàwé, nọ́ọ̀sì kọ́ṣẹ́: ibẹ̀ ni ipò wọn ti yàtọ̀, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan.

3. Ní ìhà kejì ààlà

Àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́kọ́ kọ́ ènìyàn níṣẹ́ ìtọ́jú níbẹ̀, nínú àwọn ilé-ìwòsàn bíi Sacred Heart ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895. Ní 1947 ni òfin ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì dé. Ní 1952, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti University College Hospital bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kofoworola Abẹ́ní Pratt, tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwòsàn St Thomas' ní Lọndọnu, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ibẹ̀ ní 1964. Ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní oyè nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀nà ilé-ìwòsàn, ọlọ́dún mẹ́ta, kò tìtorí èyí parẹ́. Ọ̀nà méjèèjì jọ ń lọ ni.

Ọ̀rọ̀ náà "nọ́ọ̀sì" ré ààlà kọjá ju ìwé-ẹ̀rí lọ. Àwa tí a sọ infirmier ní kíláàsì, nọ́ọ̀sì la ń sọ nílé. Ní abúlé ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá wọ aṣọ funfun tó mú abẹ́rẹ́ dání, "dókítà" ni. Ará abúlé kì í béèrè iye ọdún.

4. Ọdún mẹ́ta àti ọdún mẹ́ta

Ìjọba ní tirẹ̀ ń béèrè. Lẹ́yìn òmìnira, orílẹ̀-èdè wa ní infirmier diplômé d'État, ó ní infirmier de santé, ó ní aide-soignant. Aṣọ wọn jọra, ìwé wọn kò jọra. Nígbà tí ètò licence wọlé, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bọ́ sábẹ́ yunifásítì: INMeS ní Kútọnu wà lábẹ́ Yunifásítì Abomey-Calavi, IFSIO sì wà lábẹ́ ti Pàràkú. Ọdún mẹ́ta ni licence, 180 crédits.

Ó dà bí ẹni pé ohunkóhun kò yí padà láti 1918. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń lọ sí Dakar nígbà náà kò ní BAC. Ọdún mẹ́ta tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti àbúrò mi kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, ọmọ Nàìjíríà ń lo ọdún 12 kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Tiwa ń lo 13. Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, 17 ni tiwọn, 16 ni tiwa. Ọdún kan péré ló wà láàárín wọn, kì í ṣe méjì tí a rò.

5. Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

A fara balẹ̀ ka ìwé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni náà. Iṣẹ́ aide-soignant ló ń kọ́ni. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n pè é fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ yan ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ ìwé-ẹ̀rí ni kí ó kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà ẹni tí ó fọwọ́ sí i, kí ó tó béèrè ọdún. Ní ti Abẹ́òkúta, ọ̀nà náà dára, àmọ́ ẹni tí yóò padà wá ṣiṣẹ́ ní Kétu gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ààlà 1889 ṣì wà lórí ìwé.

Àbúrò mi ṣe ìdíje ti ìjọba. Kò wọlé lẹ́ẹ̀kìíní. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti wà ní ọdún kejì báyìí, ó sì ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣe stage ní ilé-ìwòsàn, níbi tí àwọn àgbà nọ́ọ̀sì ti ń fi bí a ṣe ń gbé aláìsàn dìde hàn án. Bí wọ́n bá bi màmá wa, á ní ó ń kàwé ní Kútọnu. Ìyá àgbà ní ó ń kọ́ṣẹ́. Mo kọ gbólóhùn méjèèjì sílẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, n kò sì fagi lé ìkankan.