Ọ̀bẹ Kì Í Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀: Èdè Tí Ìgbìmọ̀ Ìlú Nílò ní Òkè-Ògùn

Ohun àkọ́kọ́ tí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kà léèwọ̀ fún ẹni tó bá di ipò ìjọba mú kì í ṣe olè jíjà, kì í sì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Nínú ìlànà ìwà tó wà ní Àfikún Karùn-ún ìwé náà, ohun tí òfin kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe fi ara rẹ̀ sí ibi tí ire tirẹ̀ yóò ti máa ta ko iṣẹ́ tí ìlú gbé lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ń bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ kíkéde dúkìá ń bọ̀. Òfin kọ́kọ́ wo ibi tí ènìyàn dúró sí, kó tó wo ohun tó ṣe.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé gbogbo ẹni tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọba, láti Ìsẹ́yìn títí dé Kìṣí. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní, 10 ló wà ní Òkè-Ògùn. Káńsù wà níbẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti omi wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Òkè-Ògùn Polytechnic ní Ṣakí ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Dáàmù Ikere Gorge lẹ́bàá Ìsẹ́yìn wà lábẹ́ àjọ tó ń ṣàkóso odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, àjọ náà sì ní ìgbìmọ̀ alákòóso. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó oṣù nìkan ni òfin yìí mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kejì Àfikún náà ka alága àti ọmọ káńsù mọ́ ọn, ó sì ka alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba mọ́ ọn pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ‘òṣìṣẹ́ ìjọba’ kò fi tó láti túmọ̀ ẹni tí òfin ń bá wí. ‘Ẹni tó di ipò ìjọba mú’ ló gbé e, nítorí pé ẹni tó ń wá sí ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù náà di ipò mú.

Kí ni ká wá máa pe ibi tí òfin ní kí a má dúró sí yìí? Àwọn amòfin ń pè é ní conflict of interest, ọ̀rọ̀ náà sì ti mọ́ àwọn akọ̀wé ìjọba lẹ́nu. Bí a bá fẹ́ gbé e wálé, ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní àléébù.

Ọ̀nà kìíní ni ká túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni yóò bí ‘ìforígbárí ìfẹ́’ tàbí ‘ìforígbárí àǹfààní’. Ní Òkè-Ògùn, ẹni tó bá gbọ́ ‘ìforígbárí’ lórí rédíò ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran ni: oko tí màlúù jẹ, ènìyàn tó fara gbọgbẹ́. Bí a bá sọ fún ọmọ ìgbìmọ̀ kan pé ó wà nínú ìforígbárí, yóò dáhùn pé òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, òótọ́ ló sì sọ. ‘Ìfẹ́’ náà kò bá a mu, ọ̀rọ̀ ọkàn ni. ‘Èlé’ tí a ń lò nílé ìfowópamọ́ fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, interest, tún jìnnà sí i jùyẹn lọ.

Ọ̀nà kejì ni ká pè é ní orúkọ ẹ̀ṣẹ̀: ojúsàájú, ìmọtara-ẹni-nìkan, ìwà ìbàjẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ wọ́n. Àwọn gan-an ló léwu jù. Ohun tí ènìyàn ti ṣe ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí àbúrò rẹ̀ gbé ìwé wá láti du iṣẹ́ àgbàṣe kò tíì ṣe ohunkóhun, ìbátan ló wà láàárín wọn. Bó bá jẹ́ pé ‘ojúsàájú’ nìkan ni ọ̀rọ̀ tí a ní, ta ni yóò dìde láàárín àgbà láti kéde pé ọ̀rọ̀ ojúsàájú wà lára òun? Yóò panu mọ́. Ìpanumọ́ yẹn gan-an ni òfin fẹ́ dènà.

Ọ̀nà kẹta ni ká fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyẹn rọrùn fún agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ìyálọ́jà àti àgbẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ìmọ̀ wọn la sì tìtorí rẹ̀ pè wọ́n. Òfin tí kò bá yé wọn, a kò lè retí kí wọ́n pa á mọ́, a kò sì lè retí kí wọ́n fi í bi ẹlòmíì léèrè.

Orúkọ tí a bá fi lé nǹkan lórí ló ń sọ irú ojú tí a óò fi wò ó. Òkè-Ògùn mọ èyí ju ibòmíràn lọ, nítorí ọmọ ibẹ̀ ni Samuel Ajayi Crowther. Òṣoogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti mú un lẹ́rú ní 1821. Ní 1843, ìwé tó fi kó àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ tó sì fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ wọn jáde. Gbogbo wa la jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Síbẹ̀, nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ ìgbà náà ni ‘Èṣù’ ti di orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run tí Bíbélì ń sọ. Ìran mélòó kan ti kọjá, àwọn onímọ̀ ṣì ń ṣàlàyé pé òrìṣà oríta kọ́ ni ìwé náà ń bá wí. Ọ̀rọ̀ tó bá ti wọlé tán, ó ṣòro láti lé jáde. Ìdí rèé tó fi yẹ ká fara balẹ̀ kí a tó sọ ipò kan lórúkọ tí yóò sọ aláìṣẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Èrò tí òfin gbé wá yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ wo bí òwe yìí ṣe sọ ọ́. Kò bú ọ̀bẹ, kò sọ pé ó kú, kò ní kí a sọ ọ́ nù. Mímú rẹ̀ kò dín. Ibi tí èèkù wà sí ọ̀bẹ ni ìṣòro, ọwọ́ mìíràn ló sì gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ. Olóòótọ́ ènìyàn kò lè dájọ́ ọ̀rọ̀ tó kan òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe torí pé kì í ṣe olóòótọ́, bí kò ṣe torí ibi tó dúró sí.

Àwọn baba wa kò fi í mọ sí òwe, wọ́n fi ṣe ìjọba. Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn méje tí Baṣọ̀run ṣáájú wọn, ló ń yan Aláàfin, ṣùgbọ́n ìtẹ́ náà kì í kan ilé wọn. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, agbára Baṣọ̀run Gáà borí ti Aláàfin. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò jókòó sórí ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé ni èyí jẹ́ fún Òkè-Ògùn, nítorí Ìgbòho ni ààfin Ọ̀yọ́ wà nígbà kan rí, ibẹ̀ sì ni wọ́n sin àwọn Aláàfin kan sí. Ẹni tó ń yan ọba kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n lè yàn: ìlànà yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó kọ òfin ìjọba lédè Gẹ̀ẹ́sì fún wa.

Òtítọ́ kejì tún wà, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀. Àwa náà la ń wí pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ẹni tó bá gbàgbé ẹbí rẹ̀ kò níyì láwùjọ wa. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ọmọ ìgbìmọ̀, kì í ṣe ibi àti rere ló máa ń wà níbẹ̀. Ire méjì ni: ire ẹbí àti ire ìlú. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tí a óò lò bọ̀wọ̀ fún méjèèjì.

Mo dá a lábàá pé kí a máa pè é ní ìtakora ire. Bí a bá fẹ́ kí ó yé ni yékéyéké, kí a sọ pé ìtakora ire ara ẹni àti ire ìlú. Kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. ‘Ire ìlú’ ti wà lẹ́nu gbogbo wa, ‘ire’ sì gba owó, ó gba ọmọ, ó gba oyè àti iyì, èyí tí ‘ìpín’ kò lè gbà, nítorí pé ẹni tí kò ní ìpín nínú iléeṣẹ́ àbúrò rẹ̀ ṣì ní ìdí láti fẹ́ kó rí iṣẹ́ gbà. Oríṣi mẹ́ta tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń yà sọ́tọ̀ náà rọrùn láti sọ: ìtakora tó ti dé, ìtakora tó lè dé, àti ìtakora lójú ayé, ìyẹn èyí tí kò sí lóòótọ́ ṣùgbọ́n tí ará ìlú yóò ní ìdí láti fura sí.

Òfin tó ń darí iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba àpapọ̀, ti 2007, tún mẹ́nu ba ire tààrà àti èyí tí kì í ṣe tààrà. Mo dábàá pé kí a pe ìkejì ní ire àfọwọ́-ẹlòmíì-gbà. Ẹni tó fi orúkọ ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe iléeṣẹ́ yóò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Orúkọ nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nínú ìpàdé ṣe pàtàkì ju orúkọ tí yóò wà nínú ìwé lọ, Yorùbá sì ti ní i tipẹ́: ‘Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.’ Ẹ má jẹ́ ká sọ pé ‘ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀,’ torí ọ̀daràn la máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe lè lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, kànga ti gbẹ, ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn kan fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta sì ti kó ìwé wá. Alága bẹ̀rẹ̀: ‘Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, kí a tó ṣí ìwé, ta ni nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ tòní kàn?’

Àgbàlagbà kan dìde. ‘Alága, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ kànga yìí kàn mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ni iléeṣẹ́ kejì nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Ẹ jẹ́ kí n fún yín láyè.’

‘Ẹ ṣé o, bàbá. Ọlọ́run yóò bù kún yín. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.’

Akọ̀wé kọ orúkọ bàbá, ohun tó kàn wọ́n, ìgbà tí wọ́n jáde àti ìgbà tí wọ́n wọlé padà. Ìyẹn parí. Nínú ìwé, kí a pe ìjáde wọn ní ìyẹra. Lẹ́nu, ‘ẹ jẹ́ kí n fún yín láyè’ ló bọ̀wọ̀ jù. Ìbéèrè alága ló sì gbé gbogbo rẹ̀ ró, torí pé akọ̀wé tó jẹ́ ọmọdé kò lè wo ojú ẹni tó tó bàbá rẹ̀ kó ní ‘ẹ yẹra.’ Bí wọ́n bá ń bi gbogbo ilé ní ìbéèrè náà ní gbogbo ìpàdé, kò sí ẹni tí wọ́n nàka sí. Kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé kan tí a óò pè ní Ìwé Ohun Tó Kàn Wá, níbi tí ọmọ ìgbìmọ̀ yóò ti kọ òwò rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ àti iléeṣẹ́ ìbátan rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ tó bá ti wọlé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn náà nílò ìyàsọ́tọ̀. Ìlànà ìwà inú Ìwé Òfin kò ní kí a má gba obì. Ó fàyè gba ẹ̀bùn ẹbí àti ọ̀rẹ́, níwọ̀n tí àṣà bá gbà á mọ, ní àkókò tí àṣà bá fọwọ́ sí. Ìyẹn ni kí a máa pè ní ẹ̀bùn àṣà. Èyí tí wọ́n bá fún ni níbi ayẹyẹ ìlú, iléeṣẹ́ tí ẹni náà ṣojú fún ni òfin sọ pé ó ni ín. Bí wọ́n bá fi ojúlówó òfì Ìsẹ́yìn ta alága lọ́rẹ níbi tó ti lọ ṣí ilé ẹ̀kọ́ tuntun, ti ọ́fíìsì ni aṣọ náà. Ẹ̀bùn ipò nìyẹn. Èyí tó bá kù, tí wọ́n fún ni nítorí ohun tí ènìyàn ṣe tàbí tí kò ṣe lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ti wà: àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká máa pè é ní ‘owó obì’ mọ́.

A kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èdè ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé ìmọ̀, jáde fún olùkọ́ Yorùbá ní 1984, NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìwádìí ẹ̀kọ́, sì gbé ìwé ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin jáde lédè mẹ́rin ní 1991. Ìpínrọ̀ 97 Ìwé Òfin gba Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè ìbílẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ wọn. Mo bẹ àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Òkè-Ògùn ní Ìbàdàn kí wọ́n lo àyè yìí, kí wọ́n jẹ́ kí ìlànà ìwà ọmọ ìgbìmọ̀ wà ní Yorùbá, kí wọ́n sì fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá yàn sípò ní ẹ̀dà kan kó tó búra. Mo bẹ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kí wọ́n fi ìbéèrè yẹn, ‘ta ni nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ tòní kàn?’, bẹ̀rẹ̀ ìpàdé wọn tó ń bọ̀. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ìwọ tí o ń kà á, tó bá jẹ́ pé o wà nínú ìgbìmọ̀ kan, má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kàn ọ́, sọ ọ́, kí o sì bọ́ síta. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.