Yíyan Pùròpélà fún Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Ẹlẹ́ńjìnnì Tó Ti Pẹ́

Pùròpélà ni irin abẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń yí lábẹ́ omi lẹ́yìn ọkọ̀, tó sì ń tì í síwájú. Ọ̀sà Lẹ́kí àti ti Èkó ni ọmọ Ìwó tó bá ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ yóò ti máa lò ó, torí adágún Aiba tó wà nílé, omi ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe é fún. Tòkunbọ̀ ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó rà á á yẹ nọ́ńbà ara pùròpélà tó bá nídìí rẹ̀ wò, á sì lọ ra irú rẹ̀ gan-an. Nọ́ńbà yẹn kò parọ́, àmọ́ bí ọkọ̀ ṣe rí nígbà tó jáde nílé iṣẹ́ ló ń sọ. Bó ṣe rí lónìí ló yẹ ká fi yan pùròpélà fún un.

Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà níbẹ̀, bíi 13 x 19. Àkọ́kọ́ ni ìbú òbìrí tí abẹ́ ń yí ká, ní ínṣì. Èkejì ni pitch: iye ínṣì tí pùròpélà ì bá rìn síwájú nínú ìyípo kan, ká ní omi le bí igi tí a ń yí sìkúrù sí. Bí pitch bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ṣe ń wúwo tó. Ọkọ̀ fáíbà tó ti pẹ́ sì ti wúwo ju ti ìjọsí lọ: fóòmù abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ti mu omi, fáíbà tí wọ́n fi ń lẹ ibi tó là ti di ìpele lórí ìpele. Ríìngì písítìnì ti jẹ, kọ̀ǹpúréṣàn ti lọ sílẹ̀. Pùròpélà àtijọ́ pàápàá lè tanni jẹ. Etí abẹ́ rẹ̀ tí yanrìn ti họ kì í di omi mú dáadáa mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì máa yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Gbé tuntun tó ní nọ́ńbà kan náà sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Kì í ṣòní ni pùròpélà tó ti bàjẹ́ ti ń dà bíi pé ó sàn ju odidi lọ: ní 1837, pùròpélà onígi tí Francis Pettit Smith ń dán wò ní odò àtọwọ́dá Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù kán, ó ku ìdajì, ọkọ̀ sì sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdánwò ló ń tú àṣírí. Kí epo àti èrò tó máa ń wọ ọkọ̀ pé sínú rẹ̀, ká wá ibi tí omi ti dákẹ́, ká fún un ní fúùlù, ká sì ka iye ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan. Ká sọ pé 5,000 sí 5,500 ni ìwé ẹ́ńjìnnì sọ, tí tiwa wá dúró sí 4,600 pẹ̀lú pitch 19. Ínṣì kan tí a bá yọ nínú pitch sábà máa ń fi nǹkan bí 150 sí 200 kún ìyípo. Tí a bá yọ mẹ́rin, tó ku 15, á gbé e dé bíi 5,200 sí 5,400. Tí gíà bá jẹ́ méjì sí ọ̀kan, 5,400 pẹ̀lú pitch 15 ì bá fún wa ní nǹkan bíi kìlómítà 62 ní wákàtí kan, ká ní omi kì í yọ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré lójú omi sábà máa ń pàdánù ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà tí GPS fóònù bá ka 52, kò burú. Tó bá ka 40, ẹ má tíì bú ẹ́ńjìnnì: bóyá ọkọ̀ ti wúwo jù, bóyá rọ́bà àárín pùròpélà ló ń yọ̀.

Àwọn kan á ní ẹ́ńjìnnì tí kì í yí púpọ̀ kì í jẹ epo púpọ̀, nítorí náà kí pitch pọ̀. Òótọ́ ni fún ọkọ̀ tó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí a fún ní fúùlù tí kò lè yí débi tó yẹ ń jẹ epo náà ni, ó ń kó èédú sórí písítìnì, ó sì ń gbóná jù. Àtakò kejì wúwo jùyẹn: pé yíyọ pitch fún ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ jẹ́ bíbo àìsàn mọ́lẹ̀. Mo gbà, ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn kọ̀ǹpúréṣàn, kó yẹ púlọ́ọ̀gì àti kabúrétọ̀ wò. Àmọ́ omi tó wọ fóòmù, àfi ká tú ilẹ̀ ọkọ̀, owó rẹ̀ sì lè ju iye tí a ra ọkọ̀ lọ. Ẹni tí kò ní ṣe ìyẹn, pùròpélà ló kù fún un.

Sitéènlẹ́ẹ̀sì le, ó sì máa ń sáré díẹ̀ sí i. Líle yẹn gan-an ni àléébù rẹ̀ lórí ọ̀sà: tó bá gbá igi tó rì sómi, kì í tètè ká, gíà ló máa ń jìyà rẹ̀, gíà ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sì ṣòro rí rà. Alumíníọ̀mù á ká tàbí kó kán, gíà á yè. Ohun kan ló kù láti wò: pitch 15 tó bá ẹrù mu lè mú ẹ́ńjìnnì kọjá 5,500 lọ́jọ́ tí ẹni kan ṣoṣo bá gbé ọkọ̀ jáde. Kó má fún un ní fúùlù lọ́jọ́ náà, tàbí kó lo 17.